Iye Tí A Kì Í Pè Fún Àna

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè l'Ọ̀fà, àwòrán mẹ́ta ni yóò rí lára ògiri. Ọ̀kan ni ti ọjọ́ tí òun àti Evelyn ìyàwó rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ọ̀kan ni ti ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, tó di àwo tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ mú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó wà lókè àwọn méjèèjì, kì í ṣe àwòrán ènìyàn rárá. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni, ó dúdú, nọ́ńbà pupa àti aláwọ̀ ewé sì kún inú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Kánò, Kàdúná, Ìbàdàn àti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó fi bírò pupa yí ká: Ọ̀FÀ.

Evelyn kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe tò wọ́n.

"Dádì Dúpẹ́, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé yìí, ẹ wá gbé nọ́ńbà lé mi lórí."

"Ìṣó tó wà níbẹ̀ ló ga, Mọ́mì Dúpẹ́."

"Ta ló kàn án?"

Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́ yóò foríjì í.

Àwọn kan wà l'Èkó tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ra àgbàdo kí wọ́n sì máa tà á láìfi ojú kan hóró kan. Inú ọ́fíìsì tó tutù bí inú fíríìjì ni wọ́n ń jókòó sí, kọ̀ǹpútà mẹ́ta mẹ́ta níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ bọ́tìnnì, ẹgbẹ̀rún àpò àgbàdo ti di tirẹ̀. Kó tó mu tíì rẹ̀ tán, ó lè ti tà á fún ẹlòmíràn. Iye tí àgbàdo ń lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni ojú tí wọ́n fi ń ríran, iléeṣẹ́ kan sì wà tó ń kó iye wọ̀nyí jọ tó ń gbé e síwájú wọn. Bí iye bá gòkè, á tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá já wálẹ̀, á pupa. Ẹni tó ń fi iye ti agbègbè Ọ̀fà ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà.

Kò ṣàdédé rí iṣẹ́ náà. Ọdún kan gbáko ló fi ń kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní iye Ìlọrin ti tó fún gbogbo Kwara. Tíṣà fèsì pé bí wọ́n bá wo ìbà lára ẹni tó wà n'Ílọrin, ṣé ará Ọ̀fà ni wọ́n máa fún lóògùn? Ọmọ Ọ̀fà ni, ìjàkadì kò ṣàjèjì sí i. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Ọdún mẹ́ta rèé tí Ọ̀fà ti wà lójú kọ̀ǹpútà àwọn oníṣòwò Èkó, Tíṣà kò sì tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọjà mẹ́rin ló ń lọ: Owódé tó wà l'Ọ̀fà níbí, Ijagbo, Ẹ̀rìn-Ilé àti Ojoku. Abdulwasiu ọlọ́kadà ló ń gbé e. Abdulwasiu ti ní ewú lórí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà ni nígbà kan, kò sì tíì gbàgbé máàkì tí Tíṣà fún un nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá dé ọjà, Tíṣà á bi olùtajà mẹ́ta ní iye tí wọ́n ń ta kóńgò àgbàdo kan, á yọ iye tó ga jù, á yọ èyí tó kéré jù, á sì tẹ èyí tó wà láàárín ránṣẹ́ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Òfin iléeṣẹ́ ni pé kò gbọdọ̀ ra ohunkóhun lọ́jà tó ń kọ iye rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́. Ó pa òfin yìí mọ́ débi pé bí òùngbẹ gbẹ ẹ́ l'Ojoku, ó di Ọ̀fà kó tó ra omi.

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. N'Ẹ́rìn-Ilé, níbi tí wọn kì í ti í gbàgbé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àárín àwọn àti Ọ̀fà, àwọn obìnrin á ti máa kí i láti òkèèrè: "Tíṣà ará Ọ̀fà, ṣé iye àgbàdo lẹ wá kọ, àbí ẹ wá wọn ilẹ̀?"

"Àgbàdo ni o. Kò sáyè fún ilẹ̀ nínú fóònù mi."

"Ẹ jẹ́ ká yẹ àpò yín wò bóyá kò sí téèpù níbẹ̀!"

Ṣùgbọ́n Ojoku lọjà àgbàdo. Iye tó bá jáde níbẹ̀ ló ń pinnu ohun tí Èkó máa rí. Níbẹ̀ ni Alhaja Àbẹ̀ní ti jẹ́ Ìyá Alágbàdo. Ohun tó bá sọ ni gbogbo ìlà alágbàdo ń sọ.

Nínú oṣù Kẹjọ ni Dúpẹ́olúwa, ọmọ Tíṣà, mú ọkọ wálé. Lukman lorúkọ ọkọ náà, ìyá rẹ̀ sì ni Alhaja Àbẹ̀ní. Lọ́jọ́ ìdána, Alhaja, obìnrin tí kì í yẹ̀ bí ẹsẹ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ dín náírà márùn-ún, kúnlẹ̀ gbọnrangandan lórí kápẹ́ẹ̀tì Evelyn, kò sì dìde àfìgbà tí Tíṣà bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú Dúpẹ́olúwa lọ sílé ọkọ l'Ojoku.

Lọ́jọ́ ọjà Ojoku tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àga fún Tíṣà. Ìrọ̀rí wà lórí àga náà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá síbẹ̀, orí ẹsẹ̀ ló ń dúró. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ará Ojoku ti wá mọ pàtàkì iṣẹ́ yìí.

"Èló ni kóńgò lónìí, Alhaja?"

"Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni, àna wa."

Ẹgbẹ̀fà, ìyẹn 1,200, ló jẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Tíṣà tẹ 1,000 sínú fóònù. Ìgbà ìkórè ni, ó yẹ kí ọjà wálẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún tí ọjà tún ná, ó di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ó tẹ 900. Wọ́n fún un ní ìrọ̀rí kejì, fún ẹ̀yìn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni fóònù dún. Ayọ̀dàmọ́lá ni, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó nọ́ńbà Ọ̀fà ní iléeṣẹ́ náà l'Èkó.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ l'Ojoku? Ọ̀fà ti di pupa láti bí ọ̀sẹ̀ kan."

"Ìkórè ni, ọmọ mi."

"Dádì, ìkórè wà níbi gbogbo. Ìlọrin ò wálẹ̀, Ìbàdàn ò wálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa rí nọ́ńbà yín, ó yára ṣàdéhùn láti kó ọ̀ọ́dúnrún àpò fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ó rán ọkọ̀ wá sí Ojoku. Iye tí wọ́n pè fún dírẹ́bà rẹ̀, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó pè wá, sà."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò lè sọ ọ́ fún yín."

"Èdè wo ló fi sọ ọ́?"

"Gbogbo èyí tó gbọ́, sà." Ayọ̀dàmọ́lá mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá wa ní àwọn ò lè máa gbé iye tí kò ṣeé fọkàn tán síwájú àwọn tó ń fi í ṣòwò. Wọ́n ní kí á yọ Ọ̀fà kúrò lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n kọ́kọ́ wá fojú ara mi rí i. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà yín, mo máa wà l'Ọ̀fà."

Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, ó gbójú sókè wo àwòrán tó wà lára ògiri. Evelyn tó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Táíyé aládùúgbò wa ra kóńgò mẹ́rin l'Ojoku lọ́jọ́ ọjà tó kọjá," ni Evelyn wí. "Ẹgbẹ̀fà ni wọ́n tà á fún un."

"Kò mọ ọjà ná ni."

"Ìyá Táíyé? Ẹni tó ná pósí bàbá rẹ̀ títí káfíńtà fi bú sẹ́kún?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn pósí yẹn.

"Dádì Dúpẹ́, àwọn wo lẹ̀ ń bi l'Ojoku?"

"Èèyàn mẹ́ta, bí òfin ṣe wí. Alhaja Àbẹ̀ní. Àbúrò Alhaja. Àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n Lukman."

Evelyn gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ ló tẹ̀ lé e. "Ẹ bi àna mẹ́ta! Ẹ yọ àna tó ga jù, ẹ yọ àna tó kéré jù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ìṣirò, kí ló kù?"

"Àna," ni Tíṣà dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ó kù àna!"

"Ṣé irọ́ ni wọ́n wá ń pa fún mi ni?"

"Wọn ò purọ́. Bí ẹ bá kówó jáde, iye tí wọ́n máa tà á fún yín gan-an nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ lè fi ta yín lọ́rẹ. Iye tiyín ni wọ́n ń pè, kì í ṣe iye ọjà."

Ohun tó dun Tíṣà jù níbẹ̀ ni pé òfin tó pa mọ́ ló tàn án jẹ. Ká ní ó ra kóńgò kan péré, tó rí bí Alhaja ṣe máa bu mẹ́ta lé e, á ti mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Ayọ̀dàmọ́lá, tó ti wọ Ọ̀fà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, dé pẹ̀lú awò dúdú lójú àti ìwé lọ́wọ́. Abdulwasiu gbé àwọn méjèèjì sórí ọ̀kadà, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti Ọ̀fà títí dé Ojoku.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé òdo ni Tíṣà fún mi nínú ìṣirò? Òdo! Mo lọ sílé, bàbá mi ní ṣé ẹyin adìyẹ ni. Mo gbọ́ pé máàkì ti Tíṣà náà ti jáde lónìí."

"Abdulwasiu, ojú ọ̀nà ni kí o máa wò."

"Mò ń wò ó, sà. Mò ń bi yín ni pé máàkì mélòó ni wọ́n fún yín."

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni Tíṣà ń rò, pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Nínú gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, kò rò pé orí kóńgò àgbàdo ni òótọ́ òun ti máa kùtà.

Wọ́n fẹnu kò pé Ayọ̀dàmọ́lá ni kó kọ́kọ́ lọ, bí ẹni tó fẹ́ rajà. Kò pẹ́ tó fi padà.

"Ẹgbẹ̀jọ ni wọ́n pè fún mi, Dádì."

"Ẹgbẹ̀jọ kẹ̀? Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀ta?"

"Wọ́n wo awò mi, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wá pè é."

Tíṣà lọ. Wọ́n gbé àga àti ìrọ̀rí méjèèjì jáde. Ó padà dé.

"Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún."

"Kóńgò kan náà, sà?"

"Kóńgò kan náà, òkìtì kan náà."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n jọ ṣe ìṣirò kan ṣoṣo tí ìdáhùn wọn ò sì pàdé. Ayọ̀dàmọ́lá ní kí Tíṣà jókòó ti Alhaja, kó fojú ara rẹ̀ rí iye tí àwọn tó ń rà á ń san. Tíṣà jókòó. Oníbàárà dé, ó bèèrè iye. Alhaja wo àna rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó wo oníbàárà, ó ní kó dúró ná. Èkejì dé, ó ní kó dúró ná. Nígbà tó fi máa di ẹni kẹrin, èrò ti tò.

"Alhaja, kí ló dé tí ẹ ò tajà?"

"Kí n máa bá ènìyàn jiyàn owó lójú àna mi? Níbo la ti bí mi?"

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ayọ̀dàmọ́lá tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ fún Tíṣà pé, "Dádì, ẹ má bínú. A ò ní ẹlòmíràn l'Ọ̀fà. Bí n kò bá rí iye gidi fi ránṣẹ́ lónìí, wọ́n máa yọ ọ́."

Nígbà náà ni Tíṣà dìde kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó dúró níwájú Alhaja bí ó ti máa ń dúró kí wọ́n tó di àna, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, iye tí ẹ ń tà fún gbogbo ayé ni kí ẹ pè fún mi."

"Ẹni tó fún ni lọ́mọ ló parí oore," ni Alhaja wí. "Ọmọ yín wà nílé mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Kí n wá la ẹnu mi báyìí, kí n pe ẹgbẹ̀..." Ayọ̀dàmọ́lá ti gbé bírò sókè. Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. "Ó tì o! Ojoku máa gbọ́!"

"Ọlá tí ẹ ń bù fún mi yìí ni wọ́n fẹ́ fi yọ Ọ̀fà kúrò lójú kọ̀ǹpútà àwọn ará Èkó. Ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó wá rajà á dé, á ní iye Kánò lòun gbọ́, òun ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò sì rí ohun tí ẹ máa fi já a nírọ́. Láti ìgbà tí orúkọ wa ti wà níbẹ̀, ṣé wọ́n tún ń wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò wí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Lọ́la, wọ́n á tún máa wí i. Wọ́n á sì ní Adétóyè tó purọ́ ló fà á."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wọ Alhaja lára. Kí wọ́n pe àna òun ní òpùrọ́, tó sì jẹ́ pé ẹnu òun ni irọ́ ọ̀hún ti jáde? Ó gbé kóńgò tó wà lórí àgbàdo. Ó kọ ẹ̀yìn sí Tíṣà pátápátá, ó gbé kóńgò náà sókè síwájú ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń bá ewúrẹ́ wí nígbà tó bá fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́.

"Ìwọ kóńgò yìí! Ìwọ ni mò ń bá wí, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. Ẹgbẹ̀fà ni mo tà ọ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ẹgbẹ̀fà náà ni mò ń tà ọ́ lónìí, fún ẹni tó bá mọ ọjà ná. Ṣé o gbọ́? Má lọ rò ó fún ẹnì kankan."

Tíṣà ń wo ojú ọ̀run. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù.

"Kí lẹ ń kọ yẹn, àna wa?" Alhaja kò yíjú.

"Kò sí nǹkan kan, Alhaja. Ẹyẹ kan ló kọjá, mo ní kí n kọ orúkọ ẹ̀."

Ìlà alágbàdo ti gbọ́. Ní ìsọ̀ kejì, ewúrẹ́ kan ń jẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ fẹnu kan nǹkan, nígbà tí àbúrò Alhaja gbá a létí. "Ewúrẹ́ olójúkòkòrò! Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ̀fà lé àádọ́ta ni mò ń ta kóńgò kan?" Ní ìsọ̀ kẹta, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Lukman kò rí ewúrẹ́, kóńgò rẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú bàtà rẹ̀ kan. "Ìwọ bàtà yìí, bí mo bá ta kóńgò mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀fà ó dín àádọ́ta, mo máa pààrọ̀ rẹ." Abdulwasiu rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

Mẹ́ta pé. Tíṣà yọ ti ewúrẹ́ kúrò, ó yọ ti bàtà kúrò, ti kóńgò ló kù.

Ayọ̀dàmọ́lá kò tíì gbà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ó ní kí Tíṣà lọ dúró ti Abdulwasiu lójú ọ̀nà, ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó yá ìborùn lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì jókòó sẹ́yìn àpò àgbàdo. Bí àna ti kúrò nítòsí, ọjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti tò tẹ́lẹ̀ ya wọlé, ariwo ta, Alhaja búra, oníbàárà búra, wọ́n yẹra, wọ́n padà. Oníbàárà mẹ́ta san owó lójú Ayọ̀dàmọ́lá. Ẹgbẹ̀fà ni ẹni kìíní san. Ẹgbẹ̀fà ni ẹni kejì san. Ẹni kẹta dín ogún náírà, ṣùgbọ́n Alhaja kò fún un ní èènì.

Ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́wàá lù nígbà tó sáré jáde síta. "Ẹ fi ránṣẹ́, Dádì!"

Tíṣà tẹ 1,200. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀. Ó gun òkúta kan, ó na ọwọ́ sókè. Ó kọ̀. Abdulwasiu ní kó gun orí ọ̀kadà. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì náà gun orí ọ̀kadà, ó dúró lé e bí ẹni tó fẹ́ ká mángòrò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ó ti lọ!"

"Ẹ fún mi ní máàkì mi báyìí, Tíṣà," ni Abdulwasiu wí nísàlẹ̀. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa fi ẹsẹ̀ sílẹ̀."

"Mo fún ọ ní márùn-ún nínú mẹ́wàá."

"Ẹ fi kún un."

"Mẹ́fà. Gbé mi sọ̀."

Kí Ayọ̀dàmọ́lá tó kúrò l'Ojoku, ó ní òun fẹ́ ra kóńgò méjì fún ìyá òun. Alhaja rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹgbẹ̀jọ ni, Àǹtí Èkó."

"Alhaja, kóńgò ti sọ fún mi."

Alhaja yíjú sí kóńgò. "Ìwọ yìí, ẹnu rẹ ti fẹ́lẹ́ jù," ló wí, ó sì wọ̀n ọ́n fún un ní ẹgbẹ̀fà, pẹ̀lú èènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kóńgò. Nínú ìwé tí Ayọ̀dàmọ́lá kọ fún ọ̀gá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ ẹni tó pe iye ọjà, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: Kóńgò, Ojoku.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Tíṣà jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀, fóònù lórí orúnkún. Kò jẹun. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dún.

"Dádì, mo wà níwájú ẹ̀ báyìí. Ọ̀fà wà níbẹ̀. Ó sì ń tàn ní àwọ̀ ewé bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè! Ọ̀gá ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí n bá òun kí Kóńgò."

Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, ó na ara rẹ̀ lórí àga. Ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Evelyn wà lápá kejì pálọ̀, ó ń ká aṣọ. Kò yíjú sí ọkọ rẹ̀ rárá. Ìṣó tó wà lókè ògiri ló gbójú sí.

"Ìwọ ìṣó yìí," ni Evelyn wí, "n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o ti mọ fọ́tò tó yẹ kó wà lórí rẹ."

Tíṣà dìde, ó lọ wá òòlù.